Ṣé kí n ra fóònù láwìn nígbà tí báńkì ń yẹ ìwé ẹ̀yáwó ilé mi wò?

Ọmọ Orìwù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn kíákíá. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni mò ń ṣe, Ìtamága níbí ni mò ń gbé. Ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tí wọ́n ti ń yọ owó NHF, ìyẹn àpò owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, nínú owó oṣù mi. Lóṣù tó kọjá, èmi àti ọkọ mi kó ìwé lọ sí báńkì tó ń yáni lówó ra ilé, nítorí ilé oníyàrá méjì kan tí a rí lọ́nà Ìgbógbó. Wọ́n gba fọ́ọ̀mù, wọ́n gba sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà, wọ́n ní ká máa retí ìpè àwọn.

Ẹnu ìretí yìí la wà tí fóònù mi fi dojú rú. Bátìrì ẹ̀ wú débi pé ó ti gbé ẹ̀yìn fóònù sókè. Tí mo bá yọ ọ́ lẹ́nu ṣájà, kò lè lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó, wọ́n ní kí n san ₦60,000 sílẹ̀, kí n máa san ₦30,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà. BVN, NIN àti fọ́tò ni wọ́n fẹ́ gbà. Ọmọkùnrin tó ń tajà ní, "Àǹtí, ojú ẹsẹ̀ ni ẹ máa gbé e lọ, fóònù lásán ni, kì í ṣe lóònù."

Ọkọ mi ní kí n má fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀rù ń ba ọkọ mi lásán ni. Èwo ni kí n gbọ́?

Alàgbà Ìjẹ̀dẹ̀

Ọkọ yín ló tọ̀nà, ìyàwó wa. Ẹ fi fóònù yẹn sílẹ̀ ná.

Ó lé lógún ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka tó ń yáni lówó ní báńkì kí n tó fẹ̀yìn tì. Orí tábìlì mi ni irú ìwé yín ń gbà kọjá. Ohun tí ọmọ yẹn pè ní fóònù lásán, lóònù ni. Ohun tí wọ́n bá gbé fún èèyàn lónìí tó máa san owó ẹ̀ lọ́la, gbèsè ni, ìbáà jẹ́ fóònù, ìbáà jẹ́ fíríìjì. Ṣé ẹ rí i pé BVN ló kọ́kọ́ bèèrè? Òun ni wọ́n fi máa yẹ àkọsílẹ̀ gbèsè yín wò, òun náà ni wọ́n sì máa fi kọ gbèsè tuntun mọ́ orúkọ yín. Iléeṣẹ́ mẹ́ta ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fún níwèé àṣẹ láti máa tọ́jú àkọsílẹ̀ yìí: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tajà láwìn ló ń fi orúkọ oníbàárà ránṣẹ́ sí wọn, àmọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ta lẹ máa bi tó máa lè sọ fún yín bóyá tiwọn ń ṣe é?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, torí ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò. Báńkì kì í fẹ́ kí gbogbo gbèsè tí èèyàn ń san lóṣù ju ìdámẹ́ta owó tó ń wọlé fún un lọ. Ká ní ₦270,000 ni owó oṣù yín. Ìdámẹ́ta ẹ̀ jẹ́ ₦90,000. Tí wọ́n bá yọ ₦30,000 ti fóònù kúrò, ₦60,000 ló kù fún ilé. Ẹ lè ní oṣù mẹ́fà péré ni fóònù, ó máa tó tán. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ohun tó bá wà lọ́rùn yín lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ báńkì jókòó ti ìwé yín ló máa fi ṣírò. Tí èlé bá jẹ́ 9%, tí ọdún ìsanpadà jẹ́ 20, ẹni tó lè san ₦30,000 lóṣù lè gba ẹ̀yáwó tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Ìyẹn ni pé fóònù tí gbogbo owó ẹ̀ jẹ́ ₦240,000 lè gé mílíọ̀nù mẹ́ta kúrò nínú owó ilé yín.

Ẹ má sì rò pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tán torí pé wọ́n ti gba fọ́ọ̀mù. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, a máa ń wo àkọsílẹ̀ nígbà tí ìwé bá dé, a sì tún máa ń wò ó nígbà tó bá ku díẹ̀ kí owó jáde, torí oṣù púpọ̀ lè wà láàárín méjèèjì. Mo ti rí ìwé ẹnì kan tí wọ́n ti fọwọ́ sí, tó jẹ́ pé sọ̀wédowó ló kù, tí gbèsè tuntun wá yọjú. Orí tábìlì àkọ́kọ́ ni ìwé yẹn padà sí.

Bátìrì tó ti wú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi sẹ́nu ṣájà, pàápàá lóru. Ó lè gbiná.

Ọ̀dọ́ Ògólóńtọ́

Mo bọ̀wọ̀ fún Alàgbà, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká dẹ́rù ba Àǹtí jù. Fóònù àwìn wà lọ́rùn mi nígbà tí mo gba owó ilé tèmi. Òṣìṣẹ́ báńkì bi mí, mo sọ òótọ́, mo fi gbogbo rìsíìtì hàn án, wọ́n sì yá mi. Ó tiẹ̀ sọ pé ó dáa báyìí, torí mi ò yá owó báńkì rí, fóònù yẹn nìkan ló fi mọ̀ pé mo máa ń san gbèsè.

Alàgbà Ìjẹ̀dẹ̀

Nígbà tí o kó ìwé lọ, ó tó oṣù mélòó tí o ti ra fóònù yẹn?

Ọ̀dọ́ Ògólóńtọ́

Ó tó oṣù mẹ́wàá, sà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù kí n san tán.

Alàgbà Ìjẹ̀dẹ̀

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwìn tó ti pẹ́, tí èèyàn ń san lójú ọjọ́, ẹlẹ́rìí rere ni fún un. Èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé nígbà tí ìwé ti wà lórí tábìlì kò tíì ní ohunkóhun tó lè jẹ́rìí sí. Gbèsè lásán ni. Ó sì ń mú kí òṣìṣẹ́ báńkì bi ara ẹ̀ léèrè pé kí ló dé tí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù ogún ọdún kò lè ra fóònù lówó ọwọ́. O ò ṣe ohun tó burú, ọmọ mi. Àkókò tìẹ ló yàtọ̀ sí tiwọn.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Mo ra fóònù láwìn fún ọmọ mi àgbà nígbà tó wọ yunifásítì. Oṣù mẹ́fà ni, mi ò sì jẹ́ kó yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ san owó ìkẹyìn, ₦11,500, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, ọ̀nà tí mo ń gbà san án tẹ́lẹ̀ kò gba owó. Ọmọ tó ta fóònù fún mi ní kí n fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun, pé òun á bá mi san án tó bá yá. Mo fi ránṣẹ́ lọ́dọ̀ oní-POS. Ẹnikẹ́ni ò pè mí mọ́. Mo gbà pé ó ti parí.

Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà ni mo wà níwájú òṣìṣẹ́ báńkì nítorí ilé. Ó yí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó fi ìdí bírò tọ́ka sí ìlà kan: ₦11,500, wọn ò tíì san án, ó sì ti ju ọdún kan lọ tó yẹ kí wọ́n ti san án. Mo ní irọ́ ni. Ó ní, "Màmá, mo gbà yín gbọ́, àmọ́ ohun tó wà níbí nìyí." Mo délé, mo tú gbogbo báàgì. Inú fáìlì tí mo kó ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ìbejì sí ni mo ti rí rìsíìtì yẹn. Yíǹkì ẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán, mo ní láti gbé e sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kí n tó lè kà á. Orúkọ tó sì wà lórí ẹ̀, orúkọ ọmọ yẹn ni, kì í ṣe ti iléeṣẹ́ wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni mo fi ń sáré láàárín wọn kí ìlà yẹn tó kúrò. Iléeṣẹ́ fóònù ní kí n lọ bá àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, àwọn yẹn ní ẹni tó kọ ọ́ ránṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n pa á rẹ́. Onílé ò lè dúró dè mí. Ó tà á fún ẹlòmíì. Mo ṣì máa ń gba iwájú ilé yẹn kọjá tí mo bá ń lọ sọ́jà, wọ́n ti kùn ún láwọ̀ ewé.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní àwìn lọ́rùn kó má san án sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni, àkáǹtì iléeṣẹ́ ni. Kó ya fọ́tò rìsíìtì lọ́jọ́ náà gan-an, torí yíǹkì POS kì í pẹ́. Tó bá san tán, kó má kúrò lọ́dọ̀ wọn láìgba ìwé tó sọ pé kò jẹ wọ́n lówó mọ́.

Ọmọ Ìkòròdú ní Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ilé o. Mo rí àkọlé yìí, mo ní mi ò lè má dá sí i, torí ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló gbà mí lọ́kàn nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń ra ilé níbí.

Níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ra káàdì. Ọdún kan tàbí méjì ni wọ́n máa ń bá iléeṣẹ́ fóònù ṣàdéhùn, owó á máa jáde ní báńkì lóṣooṣù. Kí wọ́n tó fún èèyàn ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, wọ́n á wo àkọsílẹ̀ ẹ̀ lọ́dọ̀ Experian, Equifax tàbí TransUnion. Oríṣi àyẹ̀wò méjì ló wà. Ọ̀kan kì í hàn sí ẹlòmíì. Èkejì máa ń fi ipasẹ̀ sílẹ̀, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ yáni lówó lẹ́yìn náà ló máa rí i. Ipasẹ̀ kan ṣoṣo kì í sábà ba ẹ̀yáwó ilé jẹ́. Tó bá di mẹ́ta mẹ́rin láàárín oṣù díẹ̀, ẹni tó ń wò ó á máa rò pé owó ti há èèyàn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó ń yáni lówó ilé lè tún padà wo àkọsílẹ̀ nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́.

Àdéhùn fóònù tèmi parí láàárín ìgbà tí a ń dúró. Iléeṣẹ́ ń pè mí lójoojúmọ́ pé kí n wá gba tuntun. Ẹni tó ń bá wa wá ẹ̀yáwó ní kí n má fọwọ́ kàn án, kí n máa lo ti àtijọ́ lọ títí kọ́kọ́rọ́ á fi dé ọwọ́ wa. Oṣù mẹ́rin ni mo fi lo fóònù tí gíláàsì ẹ̀ ti là. Lẹ́yìn tí a wọlé tán ni mo gba àdéhùn síìmù nìkan, láìsí fóònù nínú ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò níbí, ẹ bá mi sọ èyí fún wọn. Tí wọ́n bá fẹ́ fi nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sílẹ̀ lọ sí òmíràn, kí wọ́n fi PAC ránṣẹ́ sí 65075, wọ́n á fún wọn ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n á fi gbé láìnì wọn lọ. Àmọ́ kí wọ́n má sọ fún báńkì pé kó dá owó oṣù dúró lọ́jọ́ yẹn. Owó ìkẹyìn ṣì ń bọ̀. Ìwé owó náà lè lọ sí ilé tí wọ́n ti kó kúrò, kò ní sẹ́ni tó máa san án, á sì wà lórí àkọsílẹ̀ wọn fún ọdún mẹ́fà. Nítorí owó tí kò tó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan.

Onífóònù Sábó

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ń tún fóònù ṣe ni, mi ò tajà láwìn, nítorí náà òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ bá Àǹtí sọ. Bátìrì tuntun àti ẹni tó máa fi sí i lè má gbà tó owó oṣù kan nínú àwìn yẹn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà ni láìnì. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà. Èèyàn ra fóònù tuntun, wọ́n fún un ní síìmù ọ̀fẹ́ pẹ̀lú dátà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, èyí tó fi ṣe BVN wá di ohun tó ń ju sínú dúrọ́ọ̀. Láìnì tí wọn ò fi pè, tí wọn ò fi ra nǹkan kan fún ọjọ́ 180, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè tì í. Tó bá tún lo ọjọ́ 180 mìíràn bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gbé e fún ẹlòmíì. Òfin NCC, àjọ ìjọba tó ń darí àwọn iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni. Ẹ wá wò ó ná: báńkì tó ń yẹ ìwé yín wò, láìnì yẹn ló ń pè, ibẹ̀ ni nọ́ńbà tí ẹ fi ń fọwọ́ sí nǹkan ń wọlé sí. Oníbàárà mi kan pàdánù ìpè báńkì nígbà mẹ́ta torí èyí, wọ́n gbé ìwé ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan pé kò dáhùn.

Ẹ fi láìnì tí ẹ rò pé ẹ fi ṣe BVN tẹ *565*0#. Tí nọ́ńbà BVN yín bá jáde, láìnì yẹn ni. Ẹ máa fún un ní káàdì, ẹ máa fi pe èèyàn. Tó bá jẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń dà yín láàmú, ẹ gbé nọ́ńbà kan náà lọ sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn, láti ọdún 2013 ni wọ́n ti fàyè gba ìyẹn. Kò kan gbèsè rárá, ẹnikẹ́ni ò ní wo àkọsílẹ̀ yín nítorí ẹ̀. Àmọ́ bí tèmi bá ni, mo máa dúró kí báńkì ṣe tán ná, torí ọjọ́ tí wọ́n ń gbé láìnì kọjá, ó lè má wọlé fún wákàtí mélòó kan.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò gba owó oṣù, ẹja ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́. Tí ọjà bá dé lójijì, mo máa ń yá ₦20,000 tàbí ₦30,000 lórí áàpù, mo sì máa ń dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé èyí náà lè dí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ yá owó ilé?

Alàgbà Ìjẹ̀dẹ̀

Ẹ kú ọjà, ìyá. Bí ẹ ṣe ń san án lójú ọjọ́ dáa púpọ̀. Àmọ́ òṣìṣẹ́ báńkì á ka sítétímẹ́ǹtì yín láti ìlà dé ìlà. Tó bá rí owó áàpù tó wọlé nígbà mẹ́jọ láàárín oṣù mẹ́fà, kò mọ̀ pé ẹja ló dé lójijì. Ohun tó máa rò ni pé owó tó ń wọlé fún yín ò tó yín ná. Ẹ fi oṣù mẹ́fà sinmi áàpù kí ẹ tó kó ìwé lọ. Ẹ sì jẹ́ kí owó ọjà máa gba báńkì kọjá. Èyí tó bá wà nínú kóló ẹja, kò sẹ́ni tó máa kà á mọ́ yín.

NHF wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀ náà, 2.5% owó tó ń wọlé fún yín lóṣù ni ẹ máa san. Tí ẹ bá ti san án fún oṣù mẹ́fà, ẹ lè bèèrè ẹ̀yáwó. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ báńkì tó ń yáni lówó ilé bí ẹ ṣe máa forúkọ sílẹ̀.

Ará Àgbádárìgì

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un o, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ fóònù. Àkọsílẹ̀ tèmi mọ́ tónítóní, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ìwé ilẹ̀ ló dá mi padà. Risíìtì ọmọ onílẹ̀ àti sọ́fè nìkan ni ẹni tó fẹ́ tà fún mi ní. Báńkì ní láìsí C of O tàbí ìwé àṣẹ mìíràn tí ìjọba mọ̀, àwọn ò lè gba ilé yẹn dúró fún owó àwọn. Ọmọ Orìwù, ẹ ti rí ìwé ilé ọ̀nà Ìgbógbó yẹn pẹ̀lú ojú yín?

Ọmọ Orìwù

A ti rí i, ẹ ṣeun. Lọ́yà wa ti gbé e lọ wò ní Àlàúsá, ó sì bára mu.

Alàgbà Ìjẹ̀dẹ̀

Ó kù ohun kan kí n tó lọ sùn. Ìyàwó wa, ẹ má dúró de báńkì kó sọ ohun tó wà lórúkọ yín fún yín. Òfin ọdún 2017 lórí àkọsílẹ̀ gbèsè fún olúkúlùkù wa lẹ́tọ̀ọ́ láti gba tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ lọ bèèrè tiyín, kí ọkọ yín náà bèèrè tiẹ̀, torí orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ló wà nínú fọ́ọ̀mù. Ẹ bèèrè lọ́dọ̀ ju iléeṣẹ́ kan lọ, ohun tó wà lọ́dọ̀ ọ̀kan lè má sí lọ́dọ̀ èkejì. Ẹ wo gbogbo ìlà, kódà èyí tí ẹ rò pé ó ti kú.

Ọmọ Orìwù

Mo padà dé o. Ẹ ṣé, gbogbo yín. Ìyá Ìbejì, mo ka tiyín fún ọkọ mi sókè, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Mi ò gba fóònù yẹn. Mo gbé ti àtijọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń tún un ṣe lẹ́bàá gáréèjì, ọmọ tó ṣí i fi ṣọ́ọ̀ṣọ́ yọ bátìrì náà jáde bí ẹni yọ ẹyin tó fẹ́ fọ́, ó ní Ọlọ́run ló yọ mí. Ó ti ń lo odindi ọjọ́ kan báyìí. Mo tẹ *565*0#, láìnì tí mo ń lò gan-an ló wà níbẹ̀.

Mo wá bèèrè àkọsílẹ̀ mi. Ti ọkọ mi mọ́. Nínú tèmi, owó tí mo yá lórí owó oṣù lọ́dún 2019, tí mo san tán lọ́dún 2020, ṣì wà níbẹ̀ bí èyí tí mo ṣì ń jẹ. ₦3,400 ni wọ́n ní ó kù. Mi ò gbọ́ ọ rí, ẹnikẹ́ni ò bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Àmọ́ mo ní ìwé tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo san tán, òǹtẹ̀ wọn wà lórí ẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ bá wọn, mo ti gbàyè níbi iṣẹ́. Mo tún ti pe òṣìṣẹ́ tó gba ìwé wa, mo sọ fún un kó tó fúnra ẹ̀ rí i. Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá, òun á fi sínú fáìlì.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó

Ẹ má fún wọn ní ìwé gidi o. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì lọ. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún wọn, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu èkejì pé àwọn ti gbà á, kí ẹ mú ìyẹn padà wálé.